Ẹ̀rọ Tó Ń Sùn Lọ́sàn-án

Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ń lọ sópin, kò sí ilé púpọ̀ ní Bódìjà tó ní kọ̀ǹpútà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ èyí tí ènìyàn lè pa dé bí ìwé kó sì gbé e há abíyá. Ọmọbìnrin mi tó wà lókè òkun ló gbé e wá fún mi nígbà tó wálé ọdún Kérésìmesì. Ó fi aṣọ ìnura wé e bí ọmọ titun, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ lọ parí ìwé yín."

Ìwé mi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé sáyẹ́ǹsì ni, fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a kọ ní èdè Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti kọ irú rẹ̀ rí, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì tí irun orí mi ṣì dúdú. Ọkùnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ring Road nígbà náà, òun ni olóòtú wọn. Ó gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi, ó yìn ín, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Nígbà tí ìwé jáde, orúkọ tirẹ̀ ló wà níwájú, gàdàgbà gadagba. Tèmi wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́, lábẹ́ orúkọ ẹni tó ya àwòrán ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn tí mo kọ́ fi ìwé náà kọ́ ọmọ tiwọn. Bí a bá pàdé lọ́jà, wọ́n á máa yin ọkùnrin náà fún mi, pé ó mọ ìwé kọ. Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n kọ.

Ọdún gorí ọdún. Ìwé náà di ìwé àtijọ́, wọ́n wá ń fẹ́ titun. Olóòtú ọjọ́ọ̀sí ti di ọ̀gá àgbà, orí rẹ̀ ti pá, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Ó ní bí mo bá lè kọ titun kí ó sì pé kí Àjíǹde tó dé, orúkọ mi nìkan ni yóò wà lójú rẹ̀. Bí kò bá pé, ọ̀dọ́kùnrin kan wà nítòsí tí ọwọ́ rẹ̀ yá, yóò gbé iṣẹ́ náà fún un. Ó tún fi kún un pé àwọn kì í gba ìwé àfọwọ́kọ mọ́, wọn kì í sì í gba ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onípákó bọ́tìnnì ayé àtijọ́. Inú dísíkì ni ó gbọ́dọ̀ wà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ ó ní, "Àbí ẹ ó wá ẹni tó máa bá yín ṣe é, Màdáámù?"

Mo mọ ẹ̀rín yẹn dáadáa, òun náà ló rín lọ́jọ́ tó gba ti àkọ́kọ́. Mo ní mi ò ní wá ẹnikẹ́ni.

Báyìí ni mo ṣe gbé tábìlì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀, níbi tí igi máńgòrò ti ń fi òjìji bo ilẹ̀. Ọyẹ́ pọ̀ lọ́dún náà. Láàárọ̀, ìkùukùu funfun á bo gbogbo àdúgbò, ilé tó wà níwájú wa á dà bí ilé tí ènìyàn ń rántí, kì í ṣe èyí tó ń wò. Láti ọ̀nà ọjà pákó, ohùn ayùn á máa wá, á jìnnà, á súnmọ́, bí ẹni tó ń hanrun. Mo kọ́ bí a ti ń tan ẹ̀rọ náà àti bí a ti ń pa á. Mo kọ́ bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ láìlu bọ́tìnnì bí ìlù. Ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ dà bí omi inú àwo ńlá nígbà tí òjò ń rọ̀. Mo máa ń jókòó síwájú rẹ̀, mo máa ń gbàgbé ara mi, ọ̀rọ̀ á máa wá fúnra wọn. Kí oṣù kìíní tó parí, ẹ̀kọ́ lórí omi ti parí, ti afẹ́fẹ́ ti parí, àwọn kòkòrò ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Ìgbà náà ni Adúmáradán dé.

Àbúrò ọkọ mi ni. Ọkọ mi ti kú nígbà náà, ṣùgbọ́n ilé ọkọ kì í kú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un ní ilé ìwòsàn kan ní Jericho. Dókítà ní kò gbọdọ̀ dáná, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì máa padà wá kí àwọn máa yẹ ojú náà wò. Ọ̀nà ilé tirẹ̀ ní Ìwó Road jìn, mọ́tò ibẹ̀ sì pọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wò ó, wọ́n rò ó, wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ta ni mo máa wí pé n kò fẹ́ fún?

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ilé ọkọ tí wọ́n ti bí kí ó tó wọlé, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Nígbà tí mo wọlé wọn, ọmọ tó ń fi agbè kékeré pọnmi ni ọmọbìnrin yìí. Èmi sì ti jáde ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo ti ń na ọmọ tó dàgbà jù ú lọ ní kíláàsì. Síbẹ̀ mo kúnlẹ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nítorí pé ara rẹ̀ dúdú tó sì ń dán, mo sọ ọ́ ní Adúmáradán. Òun ń pè mí ní Ìyàwó. Mò ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ó ń fi "o" dá mi lóhùn, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí irun àwa méjèèjì fi funfun.

Èyí kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé òun ni ojú ìyá ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Bí mo bá ń kàwé nígbà tí ọbẹ̀ wà lórí iná, ìyá á gbọ́. Bí mo bá ń kàwé nígbà tó yẹ kí n lọ kí àwọn àgbà, ìyá á gbọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá ọkọ mi wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó gbé àtùpà mi kúrò lórí àpótí, ó ní òun kò ra epo fún ìwé. Ọmọdébìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ àgbàdo. Mo lè pa ojú mi dé nísinsìnyí kí n rí eyín rẹ̀ lára àgbàdo náà.

Ẹni yìí ló wá jókòó sórí àga ọkọ mi ní pálọ̀ mi, pẹ̀lú awò dúdú lójú àti àpò òwú lẹ́sẹ̀. Nítorí pé kò rí nǹkan ṣe, ó ń fi ìkọ́ hun aṣọ, èyí tí a ń pè ní kuroṣé. Kò nílò ojú fún un. Ìka rẹ̀ mọ ọ̀nà. Ní ìgbà yẹn, kò sí nǹkan iyì kan nínú pálọ̀ wa tó ń wà ní ìhòòhò. Tẹlifísọ̀n wọ aṣọ, rédíò wọ aṣọ, fíríìjì dé fìlà, tẹlifóònù jókòó sórí tirẹ̀ bí ọba sórí tìmùtìmù. Ní ọjọ́ kan ó béèrè lọ́wọ́ mi pé èwo ni nǹkan tó ń dún wẹ̀ẹ̀ bí oyin lórí tábìlì yẹn. Mo ní ẹ̀rọ tí mo fi ń kọ ìwé ni. Ó ní ṣé orí pákó lásán ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jókòó sí. Ó dìde, ó fi ìbú ọwọ́ wọ̀n ọ́n lóròó, ó wọ̀n ọ́n níbùú. Mo sọ fún un pé bí ó bá máa hun ún, kó jẹ́ kó nípọn, nítorí tábìlì le, ẹ̀rọ náà sì jẹ́ ẹlẹgẹ́.

Ó nípọn. Òwú onírun ni ó fi hun ún, irú èyí tí a fi ń hun fìlà ọmọ titun, aláwọ̀ ewé àti funfun, ìpele méjì. Etí rẹ̀ ga sókè, ó yí ẹ̀rọ náà ká bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ó rẹwà, mi ò lè purọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ó fún mi láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò kúnlẹ̀.

Ọ̀sán kan báyìí ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ti ń lọ, oòrùn ti ń padà bọ̀ pẹ̀lú ìbínú. Mo wà lórí ẹ̀kọ́ nípa ooru, mò ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ìdí tí a fi ń wọ ẹ̀wù òtútù. Ẹ̀rọ náà kú. Kò kìlọ̀, kò pariwo. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń bá ọ sọ̀rọ̀ tó sì sùn lọ láàárín gbólóhùn. Ohùn oyin inú rẹ̀ dákẹ́, ìgbà náà ni mo wá gbọ́ gbogbo ohun tí ohùn náà ti bò mọ́lẹ̀: aago ara ògiri, adìẹ aládùúgbò, ìkọ́ Adúmáradán tó ń wọ inú òwú tó ń jáde. Nínú dígí rẹ̀ tó ti ṣókùnkùn, igi máńgòrò ẹ̀yìn mi yọ, ewé rẹ̀ ń mì lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, àfi bíi pé àlá tí ẹ̀rọ náà ń lá nìyẹn.

Ohun tí mi ò tí ì fi pamọ́ sínú rẹ̀ bá oorun náà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ó di àṣà rẹ̀. Láàárọ̀ á jí pẹ̀lú agbára, kò ní pẹ́ á sùn. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, á tanná, á tún kú. Bí mo bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà tó tó kí ènìyàn se iṣu kó sì jẹ ẹ́, á jí bí ẹni pé nǹkankan kò ṣẹlẹ̀. Mo wá ń gbé nínú oorun rẹ̀ ju inú ìjí rẹ̀ lọ. Mo máa ń jókòó síwájú rẹ̀, kí n máa dúró, ọkàn mi á sì rìn lọ. Mo máa ń padà sínú yàrá àárọ̀ ọjọ́ wọ̀nyẹn, mo máa ń rí ibi tí àtùpà fi sílẹ̀ lórí àpótí, àmì epo róbótó kan. Mo máa ń rí orúkọ mi lábẹ́ àwòrán ọ̀pọ̀lọ́. Bí mo bá gbójú sókè, ìyẹn náà á ti jókòó síbẹ̀, awò dúdú lójú, ó ń hun nǹkan.

Mo gbé ẹ̀rọ náà wọ takisí lọ sí Àgbowó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níwájú yunifásítì níbẹ̀ tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn tó sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó gbé tèmi sórí tábìlì onírin rẹ̀, ó tàn án, ó ń bá iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ. Mo jókòó tì í láti àárọ̀. Oòrùn kọjá lórí òrùlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá, wọ́n lọ, wọ́n ná owó, wọ́n bá a jà lórí iye ojú ìwé. Ẹ̀rọ mi kò sùn. Ó wò mí bí ọmọ tó ń ya pòkíì nílé tó sì ń ṣe jẹ́jẹ́ níwájú àlejò.

"Mọ́mì," ó ní, "ara ẹ̀ dá ṣáká. Ilé yín ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò."

Ó rò pé iná ọba tó ń wá tó ń lọ ló ń ṣe é. Mo lọ sí Dùgbẹ̀, mo ra ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró ṣinṣin. Kò yí nǹkan padà. Ó ní kí n yọ bátìrì rẹ̀ kúrò. Mo yọ ọ́, ó sùn. Mo dá a padà, ó sùn. Mo tún gbé e lọ sí Àgbowó. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòkòrò ló wọ inú rẹ̀. Mo bi í pé irú kòkòrò wo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe èyí tó ní ẹsẹ̀. Ó fọ inú rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú dísíkì kan, ó fi í tẹ iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan lórí tábìlì rẹ̀, kò sùn rárá. Mo gbé e délé, ó sùn kí n tó mu omi tán.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Mo mọ bí a ti ń ṣe ìwádìí. Mú ohun kan kúrò, fi ohun kan kún un, kí o wo èyí tó yí padà. Kí ló ti yí padà nínú ilé mi láti ìgbà tí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ó jókòó sórí àga ọkọ mi.

Ìyá kan tí a jọ ń gbé àdúgbò, tí wọ́n fẹ́ràn àdúrà, bá mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tiwọn. Wọ́n ní kí n ṣọ́ra, pé kì í ṣe ọwọ́ nìkan la fi ń ba nǹkan jẹ́. Mi ò gba irú ìyẹn gbọ́. Mo gbàgbọ́ nínú ọwọ́. Mo gbàgbọ́ pé nígbà tí mo bá wọ ilé ìdáná, ẹnìkan ń dìde.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Challenge wá mú un lọ sí ìkómọ. Ó mú àpò òwú rẹ̀, ó sì mú aṣọ abẹ́ ẹ̀rọ dání, ó ní etí rẹ̀ kan ń tú, òun á hun ún pa dà kí òun tó dé. Mo gbé ẹ̀rọ sórí pákó, mo tàn án. Ó ṣiṣẹ́. Mo kọ ẹ̀kọ́ ooru láti ìbẹ̀rẹ̀, mo wọ inú ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀. Oòrùn yí, òjìji igi máńgòrò rìn kọjá lórí ìwé mi bí àgbàlagbà tó ń lọ sóko, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ilé náà dákẹ́ tó fi dà bíi pé èmi àti ẹ̀rọ nìkan ló kù láyé. Ẹ má rò pé inú mi bàjẹ́ nítorí ohun tí mo rí. Inú mi dùn. Ó dùn láti jàre.

Mo dúró kí ó bọ́ bàtà kí n tó sọ̀rọ̀.

"Adúmáradán, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"Ìyàwó, èwo nìyẹn? Oúnjẹ ni mo gbé bọ̀ fún ọ."

"Ẹ ò sí nílé, ẹ̀rọ mi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìsinsìnyí. Ẹ ti dé báyìí. Bó bá di ọ̀la, á sùn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi tí mi ò tí ì rí ìka ọwọ́ mi dáadáa ni mo wá mọ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀."

"Ẹ mọ ọ̀nà àtùpà nígbà kan."

Ẹ̀rín náà lọ. Ó wá àga, ó jókòó. Ó ní ìyá òun ló gbé àtùpà, kì í ṣe òun. Mo ní òun ló sọ fún wọn. Ó ní ọmọdé ni òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọdé tí mò ń kúnlẹ̀ fún.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Ṣé o mọ ohun tí mò ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà yẹn? O máa ń kàwé náà sókè. Mò ń gbọ́ ni. Mo fẹ́ kí o pè mí wọlé. O kọ́ gbogbo ọmọ Ìbàdàn, Ìyàwó, o kò kọ́ mi."

"Ẹ ò sọ."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ? Ìyàwó ló ń kúnlẹ̀ fún ọmọ ilé. Ṣé ọmọ ilé ló máa wá bẹ ìyàwó ni?"

Mo ro ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìwé kì í sọ ohun tí yóò mú kí wọ́n gbé àtùpà lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo sì wọ yàrá mi. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, mi ò tí ì yí ọkàn padà lórí àtùpà yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti tẹ́ aṣọ rẹ̀ padà sábẹ́ ẹ̀rọ, etí rẹ̀ ti gún. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, ẹ̀rọ ti sùn. Mo wò ó. Òun náà gbọ́ tí ohùn oyin dákẹ́, ó ń hun òwú rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ la wà. Ó ń jẹun lọ́dọ̀ mi, mò ń bù ú fún un, "ẹ kú àárọ̀" nìkan ló ń kọjá láàárín wa. Ooru mú. Eruku dúró nínú afẹ́fẹ́ bí ohun tí kò mọ ibi tí yóò lọ. Ẹ̀kọ́ méjì ló kù lọ́rùn mi, Àjíǹde sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Ring Road pè mí lórí tẹlifóònù, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí àádùn. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ bí ara ti rí ni. Ó ní ọ̀dọ́kùnrin tí òun sọ níjọ́sí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan díẹ̀díẹ̀, bóyá tèmi kò ní pé. Mo ní ara le. Nígbà tí mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀, mo tan ẹ̀rọ, mo kọ ìdajì ojú ìwé kan, ó sùn. Mo gbé orí lé etí tábìlì. Mo rò ó pé bóyá ó yẹ kí n jẹ́ kí orúkọ náà lọ, kí n má fi ìgbẹ̀yìn mi lé e kiri.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ọdún ti súnmọ́, ó ń kó gbogbo aṣọ pálọ̀ jọ fún fífọ̀. Ó ti bọ́ ti rédíò, ó ti ṣí fìlà fíríìjì. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀rọ sókè, ó fẹ́ fi èkejì fa aṣọ jáde. Kò fà á. Ó dúró.

"Ìyàwó, ara nǹkan yìí gbóná."

"Ẹ fi sílẹ̀."

"Ibà ń ṣe é ni mo ń wí. Wá fọwọ́ kàn án."

Mo fi ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó gbóná bí aṣọ tí irin ìlọṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Aṣọ òwú náà gbóná bákan náà, bí ìtẹ́ tí adìẹ tó ń sàba ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nínú rẹ̀. Mo dojú ẹ̀rọ dé. Abẹ́ rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́ bíi ti asẹ́, èyí tí mi ò wò rí, irun òwú aláwọ̀ ewé sì ti dí wọn. Ibẹ̀ ni ó ti ń mí. A ti fi ẹ̀wù òtútù wọ̀ ọ́ nínú oòrùn, a tún ń bi í pé kí ló dé tó ń dákú.

Gbogbo rẹ̀ tò síwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà: tábìlì onírin Àgbowó tí kò ní aṣọ, pákó ọjọ́ Àìkú tí kò ní aṣọ, àti ẹ̀kọ́ ooru tí mo ti kọ léraléra nítorí pé ẹ̀rọ ń dà á nù. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra mi pé òwú kì í jẹ́ kí ooru jáde. Mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ìdáhùn, ẹ̀rọ ń sùn lé e lórí.

Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ mi. Mo ní, "Mo ti sọ fún yín pé ẹ̀yin ni."

"Ìwọ lo ní kó nípọn."

Lẹ́yìn náà, mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú wa, ẹ̀rín gbé wa. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ojú mú, ó ní dókítà ní òun kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín báyìí lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó dún bíi ti ọkọ mi gẹ́lẹ́, ìyẹn sì bí mi nínú díẹ̀, pé ohùn tí mo ti ń wá kiri nínú ilé náà láti ọjọ́ ikú rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni yìí ló wà.

Mo ní kí wọ́n gé igi pẹlẹbẹ méjì fún mi ní ọjà pákó. A gbé ẹ̀rọ lé wọn lórí kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọn irun òwú kúrò nínú ihò rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá pọ̀ jù, Adúmáradán á gbé àga sún mọ́ tábìlì, á fi àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, bí ìyá tó ń tọ́ ọmọ ibà. Bó bá yá, á ní, "Ó ti ń gbóná o." Mo máa ń fi ohun tí mo kọ pamọ́, mo máa ń pa á, a ó sì jọ dúró dè é.

Nínú ìdúró yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹ̀kọ́ náà sókè, nítorí ó dára kí olùkọ̀wé gbọ́ ohun tí ó kọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sán á dúró gbagidi lẹ́yìn fèrèsé, máńgòrò ti ń so, òórùn rẹ̀ á wọlé pẹ̀lú òórùn pákó tútù. Mo máa ń kà, á máa hun. Ó máa ń béèrè nǹkan. Kí ló dé tí omi inú ìkòkò amọ̀ fi ń tutù ju ti inú ike lọ? Ṣé òkùnkùn jẹ́ nǹkan kan, tàbí ìmọ́lẹ̀ ni kò sí? Mo máa ń dá a lóhùn. Mi ò pè é ní ẹ̀kọ́, òun náà kò pè é bẹ́ẹ̀. Aṣọ òwú náà, a fọ̀ ọ́, a sì yí i padà sí ìbora. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wà lójú oorun ni a ń wọṣọ fún un. Bó bá jí, ìhòòhò ló ń wà.

Ojú rẹ̀ san, ó padà sílé rẹ̀ ní Ìwó Road kí ọ̀sẹ̀ Àjíǹde tó wọlé. Èmi náà wọ aṣọ tó dára, mo fi dísíkì sínú báàgì, mo lọ sí Ring Road.

Ọ̀gá náà ti dísíkì bọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo rò pé ó ń retí pé nǹkan kan kò ní sí nínú rẹ̀. Ó ń kà, ó ń mi orí. Ó dé ẹ̀kọ́ ooru, ó dúró. Mo ti fi àpẹẹrẹ kan síbẹ̀: obìnrin kan hun aṣọ òwú tó nípọn fún ẹ̀rọ ìkọ̀wé arábìnrin rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń dákú lọ́sàn-án. Ẹ̀yin ọmọ, kí ló fà á? Ó ní ọmọ oko kò mọ kọ̀ǹpútà, kí n yọ ọ́, kí n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì sí i.

Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Màdáámù, ire ìwé yín ni mò ń rò."

"Èmi náà, òun ni mò ń rò."

Ó ń bá a lọ títí ó fi dé òpin. Ó tún yí i padà, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́. Ó ní, "Ẹ gbàgbé ojú ìwé ìdúpẹ́."

"Mi ò gbàgbé."

Ó wò mí, mo wò ó. Fáànù òrùlé ń yí lókè orí rẹ̀ tó pá. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ìwé jáde, orúkọ mi nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Mo mú ẹ̀dà kan lọ sí Ìwó Road. Ó jókòó sí iwájú ilé, láìsí awò dúdú mọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ ìwé kíkà rí, ojú náà kò mọ ohun tí yóò fi ìwé ṣe. Ó gbà á, ó béèrè bóyá orúkọ òun wà nínú rẹ̀. Mo ní rárá, orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀ bí kò ṣe tèmi. Ó ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bá a ṣí i sí ẹ̀kọ́ ooru, mo sì kà á fún un, níbi tí obìnrin kan ti hun aṣọ.

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ìwé tí mo kà, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi.

"Ìyàwó," ó ní, "ó ti tutù."